Oríire Tí Ìyá Mi Gbá Dà Sórí Ààtàn

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí mo fi ṣòkòtò pupa kan ṣoṣo lé ẹranko abìwo kan kúrò ní Ring Road, tó sá títí tó fi kọjá Challenge. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Tọkọtaya ará Ṣáínà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá mi ló ń kọ́ ìyàwó ní Yorùbá. Ìyàwó yìí ló sọ fún wa pé láyé àtijọ́, ẹranko kan máa ń jáde nílùú wọn tí ọdún bá ń parí, a máa pa èèyàn jẹ. Ariwo àti àwọ̀ pupa nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ bébà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń yin báńgà. Ohun tí kò sọ ni pé wọn kì í gbálẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún, kí wọ́n má baà gbá oríire jáde.

Ọdún yẹn gan-an ni tọkọtaya náà fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ní Dùgbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ló wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún tiwọn, ìyá mi rí bébà báńgà tí wọ́n yìn lóru tó kún ẹnu ọ̀nà wọn. Lójú tiẹ̀, obìnrin tí kò bá gbálẹ̀ láàárọ̀, ara ẹ̀ ni kò yá. Ó gbá a mọ́ tónítóní, ó dà á sórí ààtàn.

Ìyàwó jáde, ó wo ilẹ̀, ó jókòó. "Màmá, oríire mi dà?"

"Oríire wo, ìyàwó? Ìdọ̀tí ni mo gbá."

"Òun náà ni."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, ìyá mi yára wọlé. Ó gbé agbọ̀n, ó kó gbogbo wa lọ sórí ààtàn, a sì ń ṣa bébà pupa níkọ̀ọ̀kan. Ó tún fi ìdọ̀tí ilé tiwa kún un. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lé díẹ̀." Ló bá fọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà wọn bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

Ilé oúnjẹ ṣí, èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Láti ọdún náà, tí ọjọ́ yẹn bá pé, ìyá mi á fi ìgbálẹ̀ tiwa pamọ́.

Lónìí tí mò ń gbé Bódìjà, ògiri ga débi pé mi ò mọ̀ bóyá aládùúgbò mi ń gbálẹ̀ tàbí kò gbá.

Ní ti ẹranko yẹn, irọ́ ni mo pa. Ewúrẹ́ ni mo lé, kò sì kọjá ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bébà orí ààtàn yẹn, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣà á.