Aṣọ Tí Mo Fi Kọ́ Màmá Ndomè Léjìká

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ní New-Bell, àdúgbò wa ní Douala, mo di ẹrù aṣọ mi sẹ́yìn bẹ́ńsíkìn. Bẹ́ńsíkìn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà níbí. Mo rò pé ọ̀ọ́dúnrún frank yóò gbé mi dé Bonabéri, àmọ́ ọlọ́kadà náà wo ẹrù mi, ó ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní ẹrù náà jókòó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sanwó bí èèyàn. A ná an títí, ó gba ẹgbẹ̀rin.

Ọ̀gá Blaise ló rán mi ní ìrìn àjò yìí. Ilé iṣẹ́ tó ń wa yanrìn ló ń bá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń dé fìlà líle aláwọ̀ búlúù. Ilé iṣẹ́ kejì wà tí fìlà tiwọn jẹ́ yẹ́lò. Etídò kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń dù, ní abúlé àwọn apẹja kan lókè odò Wouri, nítorí yanrìn ibẹ̀ mọ́, ó sì pọ̀, Douala sì ń kọ́lé lójoojúmọ́. Ọ̀gá Blaise ní kí n kó aṣọ wá káwọn àgbà abúlé yan èyí tó bá wù wọ́n, òun yóò sanwó. "Cadeau ni," ó ní, ìyẹn ẹ̀bùn. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá yọrí, ọwọ́ mi ni wọn yóò ti máa ra aṣọ iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ má bú mi, ẹ̀yin ará ilé. Ọjà ti tutù fún mi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn náà wá.

Ní Bonabéri, lẹ́yìn afárá, mo jẹ pọ́fùpọ́ọ̀fù àti ẹ̀wà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta frank. Àwọn ará ibí kì í da epo pupa sí ẹ̀wà bíi tiwa, àmọ́ ó gba inú. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Blaise ti bá mi, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi oníẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ náà, Pa Moukoko, kí mi pé, "Ashia, Alhaji." N kò tíì dé Mẹ́kà rí, àmọ́ gbogbo wa ni Alhaji lójú wọn. "Ashia" yìí, ẹ̀yin ará ilé, òun ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Ẹ kú" tiwa pọ̀ lọ súà. Ẹyọ kan péré ló tó tiwọn.

Ó tó wákàtí méjì kí a tó gúnlẹ̀. Ní èbúté, mo rí màrìwò tí wọ́n ta sára igi méjì, ó dábùú ọ̀nà. Nílé wa, ọmọ kékeré mọ̀ pé ibi tí a bá ta màrìwò sí, èèyàn kì í ṣàdédé wọ ibẹ̀. Ọ̀gá Blaise bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Èmi dúró. "Àgò o!" ni mo ké, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀.

Ìyá arúgbó kan jáde láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé màrìwò náà sókè fún mi. Màmá Ndomè nìyẹn, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ni etídò.

Àwọn onífìlà yẹ́lò ti ṣáájú wa dé. Wọ́n jókòó lábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé, ìrẹsì tí wọ́n kó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òjò ti pa àpò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tú u.

Màmá Ndomè fi Píjìn sọ tiwọn fún mi. Ó ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò gbà káwọn kan wa yanrìn tiwọn. Kò pẹ́ tí bèbè odò fi ya, ó kó ilé lọ, ó sì kó ibojì lọ. "Ọkọ mi wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí," ó ní. "A ò fẹ́ búlúù, a ò fẹ́ yẹ́lò. Níbí, ẹni tó bá gba aṣọ ti gba ọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Nílé wa náà, ilé tó bá ti gba ẹrù ìdána ti fọmọ fọ́kọ. Àyà mi já, torí ìgbà yẹn ni mo tó mọ irú ẹrù tí mo rù wá.

Bí mo ṣe ń di ẹrù aṣọ tí mo ti tú sílẹ̀ padà, Màmá Ndomè tajú kán rí aṣọ aró kan tó ní ẹyẹ funfun lára. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "This one fine." Ẹ̀yin ará ilé, ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta aṣọ. Bí oníbàárà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo na aṣọ náà, mo fi kọ́ ọ léjìká, mo ní, "Màmá, ẹ wò ó bó ṣe bá yín mu!"

Fóònù Ọ̀gá Blaise dún ká. Ó ti yà wá ní fọ́tò. "C'est bon," ó ní. "Elle a accepté." Ó ti gbà, ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn onífìlà yẹ́lò fò dìde, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn ara rẹ̀, ó ń lé baálẹ̀ kiri kí ó lè fi kọ́ ọ léjìká. Baálẹ̀ yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Màmá Ndomè kò bínú. Ó sọ aṣọ náà kalẹ̀ léjìká, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó bi mí níṣojú gbogbo wọn pé, "My pikin, na give you give me, or na sell you di sell?" Ọmọ mi, ṣé o fún mi ni, àbí ò ń tà á?

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rántí aṣọ iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ yẹn, mo sì rántí ìsọ̀ mi tó dá wáí. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Àmọ́ ọwọ́ tó gbé màrìwò sókè fún mi ló gbé aṣọ lé mi lọ́wọ́ yìí.

"Na sell I di sell, Mama," ni mo wí. "You never buy am." Títà ni mò ń tà á, Màmá, ẹ ò tíì rà á.

Akọ̀wé abúlé ní kí n tún un sọ. Ó fi fóònù gba ohùn àti àwòrán mi, pẹ̀lú orúkọ mi àti ibi tí ìsọ̀ mi wà ní ọjà Congo. Ọ̀gá Blaise kò bú mi. Ó kàn ní kí n lọ wá ọkọ̀ tèmi, ó sì bá Pa Moukoko lọ.

Wọ́n fún mi ní ẹja yíyan àti míọ́ńdó. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe míọ́ńdó, wọn a pọ́n ọn sínú ewé bí ẹ̀kọ, àmọ́ ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ àwọn apẹja tó ń lọ sọ́jà gbé mi. Bí a ṣe ń ṣí, mo rí Màmá Ndomè tó ń ta màrìwò tútù mìíràn.

Mo délé kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gàríbì. Ìyàwó mi ka ẹrù, ó pé. "Bàbá Sikírù, wọn ò rà á ni?" Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ ṣe é re. Àmọ́ ọwọ́ yín yá jù." Òótọ́ ni. Aṣọ tí mo rò pé mo kàn fi ń polówó, ó kù díẹ̀ kó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olókùú.

Ní ọjọ́ kejì, oníbàárà kan dé ìsọ̀ mi, ó ní aṣọ kan wu òun. Ọwọ́ mi ti nà án tán kí n tó rántí. Mo dá a dúró lófuurufú.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n fi kọ́ yín léjìká?"

Obìnrin náà wò mí títí. "Alhaji, kí ni mo tún wá ṣe níbí?"

Mo ní kí ó ṣáà kọ́kọ́ dá mi lóhùn.