Ó Tó, Bàbá Rẹ̀mí

Ó dìgbà o, Ìyá Rẹ̀mí, aya mi, ẹni tí ń yí òkúta kí irin mi tó mú. Ìwọ lò ń yí i, èmi ni mò ń di irin mú. Ọwọ́ tó ń di irin mú nìkan ló ṣẹ́kù sílé.

Mi ò mọ̀wé. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Orí àpáta etí odò ni bàbá mi ti ń pọ́n àdá, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ẹnu ni mo fi ń sọ èyí, Rẹ̀mí àkọ́bí wa ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bù mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, káfíńtà ni mí. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Bàrígà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nídìí kànga. Òkúta róbótó kan wà níbẹ̀ tí a fi ń pọ́n irin ìfági. Ẹnì kan kò lè dá a lò: ẹnì kan á máa fi ọwọ́ yí i, ẹnì kejì á gbé irin lé e. Bí omi kò bá sì máa kán sí i, irin á gbóná, ẹnu rẹ̀ á jó, kò ní lè fá igi mọ́.

Ìyá Rẹ̀mí, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ ni o ti ń yí i. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ wà lára òkúta, tòsì ń ta omi láti inú agolo. Rẹ̀mí wà lẹ́yìn rẹ nígbà náà, ìró òkúta ló ń mú un sùn. O máa ń sọ pé: "Mo pọn ọmọ, mo pọn omi, ẹ̀yin kàn ń pọ́n irin ni. Ẹ rántí pọ́n mi lé o." Bí àwọn tó gbé àga wá láti Pedro bá bi ọ́ pé, "Ìyá Rẹ̀mí, ṣé ẹ ti di jẹnẹrétọ̀ ọkọ yín ni?" wàá ní, "Èyí tí kì í mu epo."

Etí lo fi ń mọ̀ bí irin bá ti mú. Irin tó kú a máa han lórí òkúta, bí ohùn rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, wàá dá ọwọ́ dúró, wàá ní, "Ó tó, Bàbá Rẹ̀mí." Gbogbo Ṣómólú ló mọ̀ pé olóríkunkun ni mí. Mo bá onílé jiyàn, mo bá pásítọ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ní ó tó, màá gbé irin kúrò.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, tí wọ́n ní iná kò ní máa lọ mọ́, Rẹ̀mí ra òkúta ìpọ́nrin tó ń lo iná fún wa ní Fádèyí, kí apá rẹ lè sinmi. O jókòó sórí àpótí, ò ń wò mí. Bí irin ṣe kàn án báyìí, ẹnu irin dúdú bí aró. O ní, "Nǹkan yìí yára o, ṣùgbọ́n kò létí." Kí n tó dáhùn, iná lọ. O rẹ́rìn-ín títí, o tún ìró rẹ ró, o padà sídìí òkúta. Inú páálí ni tiná wà títí di òní.

Nígbà tí àìsàn dá ọ dúbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ mú. Mo ní kí o jẹun, kí o dìde, ká máa lọ sílé. Àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kí o sinmi, mi ò gbọ́. O lajú, o ní, "Ó tó, Bàbá Rẹ̀mí." O kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Láàárọ̀ àná mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọwọ́ kan yí òkúta, mo fi èkejì di irin mú. Irin ta dànù. Omi agolo rẹ ti gbẹ. Rẹ̀mí ní òun á bá mi yí i, mo ní rárá. Ta ni yóò sọ fún mi ìgbà tí n ó dúró? Irin tó kú, a máa ń pọ́n ọn, á sì jí. Òkúta wo ni yóò jí ọ, aya mi?

Ní tèmi, kò tíì tó. Kò tó rárá. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi etí gbọ́ ọ, mi ò sì bá ọ jiyàn nídìí òkúta rí. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò.

Sùn re o, Ìyá Rẹ̀mí. Kí apá rẹ sinmi.

Ọkọ rẹ,
Bàbá Rẹ̀mí