Akọni Tí Kì Í Kí Èèyàn

Ìwé ìtàn mẹ́rin tó tẹ̀ léra ni àbúrò mi obìnrin fi rán awakọ̀ sí mi láti Ìsánlú, nínú páálí bisikí. Ọdún kan gbáko la ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kọjá "ṣé dáadáa ni," láti ọjọ́ tá a ti sin bàbá wa. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù pé gbogbo ayé ló ń yin ìwé náà, kí n kà á, ká lè rí nǹkan sọ. Inú mi dùn. Mo fẹ́ gba àbúrò mi padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò gbádùn rẹ̀. Abẹ́ igi kajú mi, lẹ́yìn ìlú Kábà, ni mo ti ń kà á bí mo bá ṣa èso tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni akọni rẹ̀, ó ń gun ẹyẹ ńlá, ó sì ń pàṣẹ fún odò. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìwà lẹwà; ọmọ yìí ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nínú ìwé kejì, ó bá ìyá arúgbó kan tó ń tún ilé rẹ̀ tó jó kọ́, ó kàn kọjá lọ fìrì. Nílẹ̀ wa, bó ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń roko lẹ́bàá ọ̀nà, wàá ní "Okun o," ìyẹn ìkíni wa, kó o tó kọjá. Mo pa ìwé dé. Mo tún ṣí i lọ́jọ́ kejì nítorí àbúrò mi, oorun gbé mi lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó pè mí.

"Bọ̀dá, okun o. Ẹ ti kà á débo?"

Mo ti múra irọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò jáde lẹ́nu mi. Mo ní mi ò fẹ́ràn ọmọ yẹn. Bí inú bá bí i, gbogbo ilé ló ń jìyà rẹ̀. Ta ló ń rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i?

Ó ní:

"Lọ́jọ́ tá a sin bàbá, ẹ bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn wọn. Ẹ kọjá lára mi, ẹ wọ mọ́tò, ẹ padà sí Kábà."

Òótọ́ ni. Mùsùlùmí ni bàbá, òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó dé. Inú bí mi pé àbúrò mi ò ní kí wọ́n dúró dè mí. Ọdún méjì ló fi tọ́jú bàbá lóun nìkan, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ojú tì mí gan-an.

Mo bi í bóyá ọmọkùnrin yẹn tọrọ àforíjì nínú ìwé tó kù. Ó ní rárá, ogun ló ń ṣẹ́ kiri.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú sí mi. Mo ní mo máa wá sí Ìsánlú lọ́jọ́ Sátidé kan, ká jọ jókòó. Mo gbọ́ tó ń fa imú. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó bi mí pé Sátidé wo.