Páásíwọ́ọ̀dù Bọ̀dá Tìpa

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Bọ̀dá Tìpa, gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ara rẹ̀. Tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà dúró tì í. Bọ̀dá ti fọ́nnu tán: "Linux ni mo fi ń darí kọ̀ǹpútà mi yìí, ọ̀fẹ́ ni. Mo sì ti dísìkì ẹ̀ pa. Kí olè gbé e lọ, kò ní rí nǹkan kan kà." Ló bá tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó kọ̀. Òógùn bò ó.

Ìyá Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwa pariwo látìdí maṣíìnì: "Tìpa, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni! O ti gbàgbé 'ewúrẹ́' tó wà níparí!"

Bọ̀dá ò lè tẹ nǹkan kó má pè é jáde lẹ́nu. Látìgbà kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Kò yọ oníbàárà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ títì yìí o. Tó bá ń fi Linux sí kọ̀ǹpútà wọn, tó dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá kí wọ́n ti dísìkì pa, á yíjú sí wọn: "Ṣé kí n tì í?"

"Kí ni mo ní níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ tì?" ni onífọ́tò kan bi í.

"Ẹ má sọ fún mi! Torí ẹ̀ la ṣe ń tì í."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Kó tó tẹ̀ ẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé. Ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, torí inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohùn ìyá wa olóògbé tá a gbà sílẹ̀ wà.

"Ìwé ń sọnù," ló wí. "Orí kì í sọnù."

"Ti ewúrẹ́ ńkọ́?"

Ó dìde, ó lọ ti fèrèsé.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú Bọ̀dá lọ. Orí tí kì í sọnù bá a lọ.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo tẹ orúkọ ìyá wa. Mo tẹ orúkọ mi. Ó kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú òkú. Ibẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ wọlé bá mi, tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn.

"Ta lò ń bú?"

"Bọ̀dá ni, mà. Wọ́n ti ìyá wa mọ́lé."

Ó jókòó. "Tẹ eléyìí: 'Aránṣọ ò lè gbọ́ èyí láéláé.'"

Mo wò ó. "Ṣebí wọ́n máa ń ti fèrèsé?"

"Ṣé fèrèsé ló pín ṣọ́ọ̀bù wa ni? Pákó lásán ni." Ó fi etí ìró nu ojú. "Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán báyìí, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n wá sọ fún un?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Mo tan ohùn ìyá wa: wọ́n ń bá Bọ̀dá jà pé agídí ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mi ò yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà. Láràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń pè é jáde lẹ́nu, ketekete. Látẹ̀yìn pákó, Ìyá Aránṣọ á ní, "Mo gbọ́ o."