Òmìrán Tí Kò Lè Gun Àkàbà

Ká ní ẹ rí Télọ̀ níbi tó ti ń wọn ènìyàn ni! Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá dá ṣòkòtò á rò pé ìbàdí òun nìkan ni téèpù ń wọ̀n. Irọ́ ni o. Bí ọwọ́ obìnrin yìí ṣe ń ti èjìká bọ́ sí apá, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ń hun ìtàn lọ. Bàbá arúgbó kan wọlé lọ́jọ́ kan, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ga ju ti òsì lọ. Kí bàbá tó dágbére, Télọ̀ ti sọ ọ́ di jagunjagun tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ gbé asà láti kékeré, tí ọ̀gá ti kú tipẹ́, tí òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ asà kalẹ̀. Obìnrin kan ní kó bá òun ran àpò sínú ẹ̀wù, kó tún wá ran àpò mìíràn sínú àpò yẹn. Háà! Ìyẹn di onídán tó ń kó ìlú kéékèèké pamọ́ sára.

Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kì í ṣòfò. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, Télọ̀ á palẹ̀ aṣọ mọ́ lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì jókòó yí i ká láti ṣe eré àròsọ. Tíṣà ni atọ́kùn eré náà. Òun ló ń sọ bí ilẹ̀ àròsọ wọn ṣe rí, òun ló ń ṣe ọba, òun ló ń ṣe ẹranko burúkú, kódà òun náà ló ń ṣe òjò. Àwọn yòókù á mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fẹnu sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i fún un tàbí kò bọ́ sí i. Ó tán. Ẹnu, etí àti dáìsì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ná, kí ẹ wò ó bóyá ìdí yín á kúrò nílẹ̀!

Onífọ́tò ò fẹ́ràn ẹ̀dá mìíràn ju olè kan tí kì í jí nǹkan kan àfi òjìji ọmọ aráyé. Bíríkìlà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wọn, kò mọ̀ ju ọkùnrin tó gbé idà ńlá lọ.

"Ẹ̀dá tìẹ yìí, ṣé kò ní nǹkan mìíràn ju idà lọ ni?" Onífọ́tò bi í.

"Ó ní. Idà kejì wà nílé."

Télọ̀ ló máa ń pa gbogbo wọn láyò. Ẹ̀dá tirẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ kiri títí Sọ́ńdè mìíràn á fi dé. Òun náà ló tún ń fi àjákù aṣọ rán ọmọláńgidi kékeré fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tò sórí tábìlì, kí ojú lè rí ohun tí etí ń gbọ́. Tíṣà sì ní òfin kan tí kò gba ẹ̀bẹ̀: kò sí ẹ̀dá tó máa wọ ilẹ̀ wọn láìní àléébù.

"Ẹni tí kò ní àléébù, kí ló ń wá nínú ìtàn?" Tíṣà á wí. "Kó jókòó sílé kó máa sùn."

Níbi àléébù yìí gan-an ni Télọ̀ ti kó sí gbèsè ọkàn tó ń san títí di òní.

Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, káfíńtà tó ń kan òrùlé ilé. Bọ̀ọ̀dá yìí ló mú un lọ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àwọn òbí wọn ò sí mọ́, òun ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ tó fi jókòó, tó gbé e lé èjìká wá sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni gbé ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá ré bọ́ láti orí òrùlé. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ló dá, ó sì san. Gbogbo ayé ní ọpẹ́ ló yẹ.

Ó wá di ọjọ́ kan tó wá dá ṣòkòtò iṣẹ́. Télọ̀ ní kó gun orí àpótí kékeré tí àwọn oníbàárà máa ń dúró lé, kí òun lè rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò dáadáa. Bọ̀ọ̀dá ní kó wọ̀n ọ́n nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún jàre. Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù àpótí?"

Ó fi ẹ̀rín fà á lọ́wọ́, Bọ̀ọ̀dá sì gùn ún. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọrùn-ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n òtútù. Ó gbójú sókè, ó rí i pé òógùn ti bo iwájú orí Bọ̀ọ̀dá.

Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí náà.

"Àbúrò mi, mi ò lè gòkè mọ́," ó ní. "Tí mo bá ti gun igi kẹta lára àkàbà báyìí, ẹsẹ̀ mi ò ní gbọ́ tèmi mọ́."

"Kí lẹ wá ń sọ fún wọn níbi iṣẹ́?"

"Mo máa dúró síbẹ̀, màá ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan. Màá ní, 'Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó láti ìsàlẹ̀ ná.' Màá wá rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rò pé ọgbọ́n àgbà ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú Bọ̀ọ̀dá le.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Fọ́máànù fẹ́ fi mí ṣe olórí àwọn tó máa kan òrùlé gbọ̀ngàn iléèwé tuntun yẹn. Tó bá gbọ́ èyí, ó parí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì dá a lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Tíṣà ló wá kéde pé ìtàn tuntun ti dé: ilé ìṣọ́ kan wà tó ga wọ inú ìkùukùu, agogo kan wà lókè rẹ̀, ìlú tó wà nísàlẹ̀ ò sì ní jí lójú oorun àfi tí wọ́n bá lu agogo náà. Kí kálukú mú ẹ̀dá tuntun wá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ilé gíga, àkàbà, agogo! Orí Télọ̀ wú. Kò fi ibi ro ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ohun tó bá sì fẹ́ràn, ẹ̀dá ló máa ń fi í ṣe kó tó mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó di Sọ́ńdè, ó ti rán an tán: òmìrán kan tó ń jẹ́ Gàgàrà, tó kọ́ gbogbo ilé ìṣọ́ tó wà ní ilẹ̀ náà, tí kò sì lè gun àpótí. Àjákù ṣòkòtò iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá ló fi rán ṣòkòtò rẹ̀.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ ilé ìṣọ́, ó kan Gàgàrà láti gòkè. Télọ̀ dìde, ó ki ohùn, ó fi ìka gun àkàbà kan tí kò sí níbẹ̀: igi kìn-ín-ní, igi kejì, igi kẹta. Ó dúró. Ó ti ojú bọlẹ̀ bí àgbà tó ń ronú.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó láti ìsàlẹ̀ ná."

Yéè! Ẹ̀rín pa wọ́n. Onífọ́tò ń lu tábìlì. Omi ń jáde lójú Tíṣà. Bíríkìlà ti ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó wà nílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì tó yọjú lábẹ́ tábìlì.

"Ọ̀rọ̀ yìí, ibo ni mo ti gbọ́ ọ ná?"

Ibi iṣẹ́ kan náà ni Bíríkìlà àti Bọ̀ọ̀dá wà. Kì í ṣe pé Télọ̀ kò mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Adùn ìtàn náà ló gbé e lọ.

"Ta ló máa sọ irú ẹ̀?" ó dáhùn kíá. "Ju dáìsì jàre."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Bọ̀ọ̀dá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó bá òun tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò tuntun náà sílẹ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Télọ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó kó abẹ́rẹ́ olórí sẹ́nu, ó ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan gún etí ṣòkòtò.

"Àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ ti fún mi lórúkọ," Bọ̀ọ̀dá ní. "Gàgàrà! Tí mo bá ti ń bọ̀ lókèèrè báyìí, 'Gàgàrà ti dé o!' Bíríkìlà ní òmìrán kan ni nínú eré yín. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Télọ̀ mi orí.

"Kí ló máa ń ṣe?"

Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó lè tu wọ́n dà. Kò tu wọ́n dà.

"Ó ń kọ́ ilé," ó fi imú sọ ọ́.

"Ẹn-ẹ́n! Mo ní gíga mi ni wọ́n ń wò." Bọ̀ọ̀dá na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan. "Màá yà lọ́dọ̀ yín ní Sọ́ńdè, kí n wá rí ẹnìkejì mi."

Ó bá jáde, ó ń súfèé lọ. Télọ̀ wà lórí orúnkún níbẹ̀, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ojú ń tì í níwájú ara rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè, kí àwọn yòókù tó dé, ó fa Tíṣà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ẹ bá mi pa Gàgàrà lónìí. Kó kó sínú ihò. Kí ejò bù ú jẹ. Ohunkóhun."

"Ẹ̀dá tó dùn tó báyìí? Kí ló ṣe ọ́? Dáìsì nìkan ló ń pa ènìyàn níhìn-ín."

Kó tó lè dá a lóhùn, Bọ̀ọ̀dá ti wọlé pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n fún un ní àga. Eré bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni: ilé ìṣọ́, àkàbà, agogo. Ó kan Gàgàrà. Bíríkìlà ti ń fi igbápá gún Onífọ́tò.

"Gàgàrà gun àkàbà," Télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ki bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ó gun igi kẹta. Ó gun ẹ̀kẹrin. Kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó ń gòkè lọ."

"Irọ́ o!" Bíríkìlà pariwo. "Ojóóró nìyẹn! Igi kẹta ló ti ń dúró! 'Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó láti ìsàlẹ̀ ná!'"

Ó ki ohùn, ó ti ojú bọlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Télọ̀ ṣe ṣe é. Ó kọ́ ọ dáadáa. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú òmìrán kékeré náà, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò ra aṣọ ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò tó wà nídìí òun náà. Ó wá gbé òmìrán náà sí àpò àyà rẹ̀.

"Ẹ máa ṣeré yín lọ," ó ní, ó sì jáde.

Télọ̀ bá a ní ìta, níwájú ṣọ́ọ̀bù Onífọ́tò. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Eré lásán ni. Mi ò dárúkọ yín."

"Dìde, ojú títì la wà."

"Mi ò mọ̀ pé Bíríkìlà máa..."

"Bíríkìlà kọ́ ni mo sọ fún." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Àwọn ènìyàn ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti kékeré, mi ò kú. Ọwọ́ ẹ ló wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ tó ń gbọ̀n yẹn. Ìyẹn ni mo fi sọ fún ẹ."

Ó rọra yà á sílẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Bíríkìlà ló mú ìyókù ọ̀rọ̀ náà wá, ojú tì í títí kò fi lè jókòó. Ó ní ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ lọ bá Fọ́máànù, ó sọ ohun tó ń ṣe òun, kí wọ́n má baà sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àwàdà. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe olórí òrùlé gbọ̀ngàn náà. Bọ̀ọ̀dá wà nílẹ̀, ó ń gé igi fún àwọn tó wà lókè.

"Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò bá mi jà," Bíríkìlà ní. "Mo rò pé àwàdà lásán ni, mi ò mọ̀ pé ó dé ibẹ̀ yẹn."

"Èmi mọ̀," Télọ̀ dáhùn.

Wọ́n ṣì ń ṣeré. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Télọ̀ bá ń wọn ènìyàn báyìí, tí ìtàn bá fẹ́ ta kókó lórí rẹ̀, ó máa ń dá a dúró, ó máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ló ni èyí. Ẹ̀dá tuntun tó mú wá jẹ́ aránṣọ kan tó ń rán àwọn odi ìlú tó bá ya. Ẹnu rẹ̀ kún fún abẹ́rẹ́ nígbà gbogbo, nítorí tó bá yọ wọ́n báyìí, àṣírí ẹni tó fẹ́ràn jù ló máa kọ́kọ́ já bọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà kàn wò ó, ó ní, "Àléébù rẹ̀ pé. Ó lè wọlé."

Bọ̀ọ̀dá ò wá. Tí wọ́n bá pàdé nílé, á dáhùn ìkíni, á béèrè iṣẹ́, ó tán. Lọ́jọ́ kan Télọ̀ rí i tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ṣòkòtò tuntun tí ẹlòmíràn rán. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kan gùn ju èkejì lọ, ó wọ́ gbáà! Ọwọ́ Télọ̀ ń yún un. Kò lẹ́nu àtisọ ọ́.

Ìgbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró fún ọdún náà, Bọ̀ọ̀dá wọlé fúnra rẹ̀. Ó dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó na ẹsẹ̀ tó wọ́ náà síwájú.

"Bá mi wo nǹkan tí ẹlẹ́gbẹ́ ẹ kan rán."

Télọ̀ kúnlẹ̀. Kò ní kó gun àpótí. Kò kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, inú ọpọ́n ló ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ọmọláńgidi kékeré kan ń yọ láti inú àpò àyà Bọ̀ọ̀dá, aṣọ rẹ̀ ti dọ̀tí fún lẹ́búlẹ́bú igi.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ó wá gbọ́ ohùn náà lókè orí rẹ̀, ó ki, ó ń rò ó bí àgbà.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó láti ìsàlẹ̀ ná."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Télọ̀. Kò jẹ́ kó bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú etí ṣòkòtò náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀.