Orúkọ Ajá Lẹ́nu Baba Aláago

Kí àìsàn tó dé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹnu Baba Aláago kì í dilẹ̀. Ó lè máa tún aago ọwọ́ ṣe, kí awò kékeré há sí ojú rẹ̀ kan, kí irinṣẹ́ tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ wà láàárín ìka rẹ̀, kó sì máa bá ẹni tó gbé aago wá sọ̀rọ̀ lórí òjò, lórí ìjọba, lórí bí ògiri ilé òde òní kò ṣe nípọn mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Oníkọ́tìnì nítorí pé kọ́tìnì ló ń rán, máa ń sọ pé bó bá jẹ́ pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ lọ́jà ni, àwọn ìbá ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta.

Yàrá iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, níwájú ilé. Tábìlì aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ wà lára ògiri kejì, pẹ̀lú pákó gbọọrọ kan tí ìyá ń tẹ́ aṣọ sí kó tó gé e. Abẹ́ pákó yìí ni àwọn ajá ń sùn sí, lórí àjákù aṣọ. Mẹ́rin ni wọ́n, kò sì sí èyí tó ga tó àpótí ìjókòó nínú wọn. Oníbàárà kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló gbé ìyá wọn sílẹ̀ fún Baba Aláago, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi ránṣẹ́. Kò ránṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ajá bímọ. Wọ́n fi àwọn kan tọrẹ, mẹ́ta ṣẹ́kù sọ́dọ̀ ìyá wọn.

Baba ló sọ wọ́n lórúkọ. Ìyá ajá ń jẹ́ Tèmi-Yé-Mi. Àkọ́bí rẹ̀, tó pupa rúsúrúsú, ń jẹ́ Wọ́n-Á-Sọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, adúmáadán kan tí kò lè jókòó sójú kan, ń jẹ́ Ẹ-Farabalẹ̀. Àbíkẹ́yìn, olójú ńlá tí irun bo etí rẹ̀, ń jẹ́ Ọ̀rọ̀-Pọ̀. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ti ajá nìkan. Bí ìyàwó bá ń bá a wí pé ó jókòó ti ọ̀rọ̀ jù tí iṣẹ́ oníṣẹ́ fi ń pẹ́ nílẹ̀, Baba kò ní dá a lóhùn. Á kàn yọ orí sí ìta, á ní, "Ọ̀rọ̀-Pọ̀. Ọ̀rọ̀-Pọ̀ o." Ajá á sáré dé.

"Ẹ rò pé mi ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń bá wí?" ni ìyàwó á wí.

"Ajá ni mo pè. Àbí ìwọ náà ti ń jẹ́ Ọ̀rọ̀-Pọ̀ ni?"

Ìyá Oníkọ́tìnì kò fẹ́ràn àwọn ajá náà. Kò kúkú kórìíra wọn, ṣùgbọ́n irun wọn máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, àti pé Ẹ-Farabalẹ̀ ti fi eyín ya etí kọ́tìnì kan rí, lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e. "Ajá yín" ló máa ń pè wọ́n. Kì í dárúkọ ìkankan.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Baba fẹ́ gbé ife omi, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó yíjú sí i láti bá a wí, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ sórí tábìlì láàárín àwọn aago. Ó bi í pé kí ló ṣe é. Baba la ẹnu, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Púlọ́ńbà tó ń gbé ilé kejì ló bá a gbé e dé ọsibítù.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹnu ni kò padà. Dókítà ṣàlàyé fún ìyàwó pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń yé e. "Ọ̀rọ̀ wà nínú wọn, Màmá. Ọ̀nà tó máa gbà jáde ló bàjẹ́." Wọ́n rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan sí wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Tíṣà Ọ̀rọ̀ ni ìyá ń pè é. Ó máa ń gbé àwòrán wá: ife, bàtà, bẹ́ẹ̀dì. Á gbé ife sókè, á ní, "Baba, kí lèyí?" Baba á wo àwòrán náà, á wo Tíṣà, bí àgbàlagbà tí wọ́n ní kó ka ení, èjì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ti àwọn àwòrán náà sẹ́yìn.

Ilé wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí Ìyá Oníkọ́tìnì ti ń tọrọ láti ìgbà èwe rẹ̀ dé, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Maṣíìnì nìkan ló ń dún. Àwọn ajá kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á lọ jókòó sẹ́sẹ̀ Baba, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ń retí kó pè wọ́n.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ìyá. Òun ló ń wẹ ọkọ rẹ̀, òun ló ń dáná, òun ló ń ránṣọ, òun náà ló tún ń fún ajá lóúnjẹ, tó ń gbá ìdọ̀tí wọn. Ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, wá lo ọjọ́ díẹ̀, ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe rù.

"Mọ́mì, ẹ ò lè dá gbogbo èyí ṣe," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa gba àwọn ajá yìí."

Ìyá gbà kíá, débi pé ojú ti òun fúnra rẹ̀. Púlọ́ńbà ní àna òun kan ní àgbàlá tó fẹ̀, pé yóò gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n sọ fún Baba. Ó wo ilẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń kà á sí ẹni tó ti gbà.

Lọ́jọ́ tí púlọ́ńbà dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan tó ní ìdérí dání. Ọmọbìnrin ti padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Tèmi-Yé-Mi wọnú apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n-Á-Sọ tẹ̀ lé e. Wọ́n fa Ọ̀rọ̀-Pọ̀ yọ lábẹ́ maṣíìnì. Ó wá ku Ẹ-Farabalẹ̀. Ajá yìí sá yí pákó ká, ó sá gba abẹ́ àga, ó fa kọ́tìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wálẹ̀, ó fi kọ́rùn sáré. Kẹ̀kẹ́ òwú ń yí kiri ilẹ̀. Ìyá na ọwọ́ mú aṣọ náà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá agolo abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó pariwo mọ́ ajá. Lẹ́yìn náà, ó dúró gan-an láàárín yàrá, aṣọ ń wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí ife ti bọ́. Púlọ́ńbà kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Fa."

Wọ́n yíjú. Baba di etí tábìlì mú, òógùn bò ó níwájú orí.

"Fara," ló wí. Ó gbé itọ́ mì. "Fara... balẹ̀."

Ajá dúró. Ó fi kọ́tìnì sílẹ̀, ó rìn jẹ́jẹ́ lọ jókòó síwájú Baba, ó ń mi ìrù. Ìyá náà ti dákẹ́, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó dákẹ́. Púlọ́ńbà wo àwọn méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣí ìdérí apẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ," ló wí. "Àna mi á wá ajá míì."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Láti ìgbà tí irun orí dádì ẹ ti dúdú ni mo ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu wá là, orúkọ ajá ni wọ́n kọ́kọ́ pè."

Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ṣé ajá ló dá yín lójú pé wọ́n pè?"

Ìyá ronú sí i. Lóòótọ́, Ẹ-Farabalẹ̀ lorúkọ ajá. "Fara balẹ̀" ni Baba wí, kò fi "ẹ" síwájú. Òun nìkan ni Baba ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn nílé. Ọmọ ní ó lè jẹ́ pé ẹnu ló wúwo. Nígbà tí ìyá bi Baba léèrè, ó nàka sí ajá, ó nàka sí ìyàwó rẹ̀ náà, ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Tíṣà Ọ̀rọ̀ gbọ́, ó kó àwòrán rẹ̀ padà sínú báàgì. Ó ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn ajá fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ wọn tán, ó mirí. "Màmá, gbólóhùn ni gbogbo ẹ̀. 'Tèmi' wà ńbẹ̀, 'mi' wà ńbẹ̀, 'wọ́n' wà ńbẹ̀, 'sọ' wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa tú u palẹ̀, ká máa tún un tò."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: ìyá á mú ègé bisikíìtì dání, àwọn ajá á tò síwájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó máa jẹ àfi bí Baba bá pè é. Ajá kì í ṣe olùkọ́ tó le. Bí Baba bá ti wí pé "Wọ́n", tí ìyókù ń há sí i lọ́fun, Wọ́n-Á-Sọ á ti fò dé. Ṣùgbọ́n Baba fúnra rẹ̀ kì í gbà. Á gbé ọwọ́ sókè pé kí ìyá má tíì fún un, á pa ojú dé, á wá ìyókù orúkọ náà kàn. Àwọn ajá sanra láàárín ìgbà díẹ̀. Inú run Ọ̀rọ̀-Pọ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gé bisikíìtì kéékèèké bí ọmọ àgbàdo.

Ní ọ̀sán, wọ́n máa ń rìn jáde. Ìyá fi okùn kọ́tìnì hun ìjánu fún wọn. Ó di mẹ́ta mú, ó sì so okùn Tèmi-Yé-Mi, tó ti dàgbà tí kì í fa èèyàn, mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Baba, ọwọ́ tí kò lágbára. Ajá á lọ síwájú díẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ká mọ́ okùn náà fúnra wọn.

Ará àdúgbò á kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Baba Aláago, ẹ kú ìrìn. Ṣé ara ń le?" Lákọ̀ọ́kọ́, orí ló ń mì. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nígun òpópónà bi í bóyá òótọ́ ni pé ajá ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

"Wọ́n á sọ," Baba dá a lóhùn.

Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ mẹ́rin yìí bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni oògùn, á ní, "Tèmi yé mi." Bí púlọ́ńbà bá ń rojọ́ tí kò tán, á wò ó títí, á ní, "Ọ̀rọ̀ pọ̀." Ẹnu ìdajì, ọ̀rọ̀ odidi.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè di irinṣẹ́ tín-ín-rín mú mọ́. Bí èèyàn bá gbé aago wá, Baba á gbé e sétí, á tẹ́tí, á júwe ibi tó bàjẹ́ pẹ̀lú ìka, kí onítọ̀hún tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọjọ́ kan wà tó ń wá "omi" lẹ́nu tí kò rí i, ó bínú ju ife mọ́lẹ̀. Ìyá lọ dúró sí kíṣìnnì. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ló ń wí fún ara rẹ̀ léraléra. Nígbà tó padà, Wọ́n-Á-Sọ ń lá omi tó dà sílẹ̀, Baba ń wò ó, ojú ń tì í.

Àárọ̀ kan, Ẹ-Farabalẹ̀ kò wá jẹun. Ìyá wọ sílípáàsì, ó wá a yí ká àdúgbò, ó ń pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan létí ilé gbogbo ènìyàn, òun tí kì í dárúkọ ajá. Ilé púlọ́ńbà ló ti bá a, ó ń sùn sórí bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá gbé e mọ́ra wálé, kò sì bá a wí rárá.

Ó ń retí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yóò pe òun, kò sọ ọ́ jáde. Ọ̀sán kan tó ń ká etí kọ́tìnì, ó gbọ́ "Ìyá wọn" lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ìyá wọn," ohùn náà tún wí, ó le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀kẹta kó tó yíjú.

Nígbà tí oòrùn wá mú gan-an lọ́dún náà, ìyá ti fèrèsé nítorí eruku tó ń bà lé aṣọ funfun kan. Baba ní kó ṣí i. Ó ní rárá. Baba ní, "Ooru ń mú mi, ìwọ obìnrin yìí. Ṣí fèrèsé." Odidi gbólóhùn ni, kò sì sí orúkọ ajá kankan nínú rẹ̀.

"Eruku ńkọ́?" ìyá bi í. "Ta ló máa fọ aṣọ aláṣọ?"

"Èmi kọ́ ni mo... ni mo ránṣẹ́ sí eruku."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Baba ń sinmi láàárín, ó ń wá ọ̀rọ̀ kàn, ìyá kì í bá a parí rẹ̀, ó ń dúró dè é kó rí i kó tó fèsì, nítorí pé ìjà tí àánú bá ti wọ̀ kì í dùn ún jà. Nígbẹ̀yìn, ìyá dìde, ó fi aṣọ míì bo èyí tó ń rán, ó ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Atẹ́gùn wọlé. Baba fi ẹ̀yìn ti àga. Ìyá jókòó ti maṣíìnì rẹ̀, ó tún òwú fi sójú abẹ́rẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.