Àlọ́ Tí Alhaji Gbà Lẹ́nu Mi

Òórùn ọṣẹ apakòkòrò ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá mi á wọlé láti nọ́ọ̀sìn hóòmù tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó mọ́jú, á jókòó sórí àga ní pálọ̀ àpátímẹ́ǹtì wa ní Laurel, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, èmi á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, á sì máa di irun mi kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó dé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Prince George's County láyé ọdún 1990 sí 1999 mọ àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wá oorun nígbà tí ọmọ ń jáde.

Ìgbà yẹn ló máa ń pàlọ́ fún mi. Àwọn àgbà ní a kì í pàlọ́ ọ̀sán. Ìyá mi ní ẹni tó bá fi òru ṣiṣẹ́, òwúrọ̀ ni alẹ́ tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọba tó ní ẹni tó bá ro oko ẹlẹ́gùn-ún òun tán ni òun máa fi ọmọ òun fún. Lẹ́nu àwọn apàlọ́ yòókù, ọkùnrin kan ro oko, ó gba ìyàwó, ó parí. Lẹ́nu ìyá mi, ọmọ ọba gbé ọkọ́ fúnra rẹ̀, ó ro oko náà tán kí àwọn ọkùnrin tó jí, ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo ti ro ó. Ẹ fún mi ní ara mi." Ó kọ́lé sétí oko náà, ó ń gbin iṣu. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé ní yunifásítì lórí bí àwọn obìnrin òde òní ṣe ń tún ìtàn àtijọ́ pa, tí wọ́n ń béèrè ta ló fún bàbá láṣẹ láti fi ọmọ ta ọrẹ. N kò tíì rí èyí tó sọ ọ́ ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Alhaji tó ń darí kíláàsì Yorùbá wa, tí a máa ń ṣe ní Sátidé nínú gbọ̀ngàn mọ́sálásí, yàn mí láti pàlọ́ níwájú àwọn òbí ní ìparí ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi há àlọ́ ọmọ ọba yẹn sórí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo pa á fún un gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi ọkọ́. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi, mo ní ìyá mi ni. Kò ní kí n tún un ṣe. Kò ránṣẹ́ sílé. Ó nu orúkọ mi kúrò lójú pátákó níṣojú àwọn ẹgbẹ́ mi, ó kọ tirẹ̀ sí i, ó ní, "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Èmi tí mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí ni ọmọ tí a kò kọ́!

Mo sunkún dé ilé. Ìyá mi kàn béèrè bóyá àlọ́ yẹn náà ni Alhaji máa pa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó lọ sùn. Mo kà á sí ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún náà, láti ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, ó da ìborùn bo yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Alhaji mọ àlọ́ pa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wa pé olùgbọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìbéèrè já lu apàlọ́, kó lè mọ̀ pé wọn kò sùn. Bó ṣe ní ọba fa ọmọ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ báyìí, mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Alhaji, ẹ forí jì mí. Kí ni ọmọ náà wí?"

"Kí ló máa wí, Ìyá Ràfíátù? Inú rẹ̀ dùn ni."

"Ṣé ó wá sọ fún yín nílé ni?" obìnrin kan béèrè, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ràfíátù mọ ohun tó wí. Ràfíátù, dìde, sọ fún wọn."

N kò dìde. Bàbá mi, tó jókòó níwájú láàárín àwọn ọkùnrin, yíjú padà, ó ń wò mí, ó ń dúró. Mo ń wo bàtà mi. Nígbà tó pẹ́, ìyá mi dìde fúnra rẹ̀, ó fi ohùn tó ti rẹ̀ pa á láti ibi ọkọ́ dé ibi iṣu, kò bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, àfi Alhaji.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí Alhaji kò tíì tán lọ́kàn mi, n kò sì fẹ́ kó tán. Àmọ́ ẹnìkan wà tí n kì í kà mọ́ ẹ̀sùn náà: èmi fúnra mi. Obìnrin tí kò tíì fojú kan oorun pè mí kí n wá gba ọ̀rọ̀ mi padà, mo sì fi òun nìkan sílẹ̀ lójú àwùjọ. Lónìí mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní irú ìtàn wọ̀nyí, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti fún mi láṣẹ ni mo ti ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fún ìyá mi láṣẹ.